Mo Gbé Ẹ̀tẹ̀ Míríámù Ru Ìyàwó Àbúrò Mi

Dúró ná. Ìwọ tí o ń ṣí ìwé ìròyìn yìí wìrìwìrì, tí o ń wá ojú ewé tí wọ́n kọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ sí, dúró. Fi ìka rẹ síbí. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí o bá kà á dé ìdajì, orúkọ ẹlòmíràn ni yóò sọ sí ọ lọ́kàn. Wàá ní, "Ọ̀rọ̀ yìí mà bá Ìyá Báyìí mu o." Jọ̀ọ́, fi Ìyá Báyìí sílẹ̀. Bí tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ayọ̀kúnmi ni orúkọ mi. Mo ń kọ́ni ní yunifásítì ní Doornfontein, mo sì ń jọ́sìn ní ìjọ Yorùbá kan ní Randburg, níhìn-ín ní Johannesburg. Pásítọ̀ wa, Bàbá Ọlálérè, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni wọ́n. Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí wọn kò gbọ́ Yorùbá: àwọn ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tí wọ́n fẹ́ ènìyàn wa, àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba ẹnu wọn. Nítorí tiwọn ni ìjọ ṣe kọ́ yàrá kékeré onígíláàsì kan sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

Èmi ni mo ń jókòó sínú gíláàsì yẹn. Bí Pásítọ̀ bá ti ń sọ ọ́ ní Yorùbá, èmi á máa sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sínú maìkì, ohùn mi á sì máa bọ́ sí etí àwọn mọ́kànlá tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kékeré sétí.

Rò ó wò. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá kì í gbọ́ mi. Àwọn tó ń gbọ́ mi kò gbọ́ Yorùbá. Pásítọ̀ alára kì í gbọ́ mi. Láàárín ẹnu ìránṣẹ́ Ọlọ́run àti etí ènìyàn mọ́kànlá, èmi nìkan ni afárá. Èṣù kì í rí irú àyè bẹ́ẹ̀ kó fi í sílẹ̀ lófo.

Ìyàwó àbúrò mi wà lára àwọn mọ́kànlá yẹn.

Lékan, àbúrò mi, ẹnjiníà ni. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń to Oyinkọ́lá, ọmọ ọ̀rẹ́ mi, sílẹ̀ dè é bí ẹni to aṣọ sínú àpótí. Ló bá lọ mú Thandeka wá, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Súlù láti ìtòsí Durban. Ọmọ dáadáa ni o, onígbàgbọ́, ọmọ olórin ìjọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé mi, kò kúnlẹ̀. Kò tilẹ̀ tẹ orúnkún. Ó wọlé, kò wò mí lójú, ó sì yára jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù lọ, kí n tó sọ pé ẹ káàbọ̀.

Ìyàwó ilé o. Níwájú èmi tí àṣà wa sọ pé ọkọ ni mo jẹ́ fún un.

Lékan ṣàlàyé títí. Ó ní ní ilé wọn, ọmọdé kì í dúró gọgọrọ lórí àgbà, kíá ni wọ́n ń jókòó kí orí wọn lè rẹlẹ̀, wọn kì í sì í wo àgbà lójú. Ó ní ọ̀wọ̀ ni Thandeka ń bù fún mi. Mo dá a lóhùn pé ọ̀wọ̀ tó bá ń fẹ́ ògbufọ̀ kì í ṣe ọ̀wọ̀.

Èmi, ògbufọ̀, ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, mo ti gbà.

Ní ọdún tó kọjá, Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa la Ìwé Númérì kọjá, orí kan ní Ọjọ́ Ìsinmi kan. Orí karùn-ún ni mo ti ṣubú. Pásítọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí jíjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Èmi ń túmọ̀ lọ jẹ́jẹ́, àfi bí mo ṣe wo iwájú láti inú gíláàsì, mo rí Thandeka, tí ọwọ́ àbúrò mi wà ní èjìká rẹ̀. Ẹnu mi kàn ṣí. Mo ní Bíbélì kìlọ̀ fún ìyàwó tí kò mọ ipò rẹ̀ nílé ọkọ.

Gbólóhùn kan péré ni. Ó dùn lẹ́nu mi bí oyin.

Mo dúró kí iná sọ̀ kalẹ̀. Iná kankan ò sọ̀. Nígbà tí a jáde, Ọ̀gbẹ́ni Mokoena, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sétí, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní ìwàásù ọjọ́ náà mú gan-an. Mo ní kí ògo jẹ́ ti Ọlọ́run. Ẹ gbọ́ ẹni tí mo gbé ògo náà fún.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a kan ìbùkún Áárónì. Bàbá Ọlálérè na ọwọ́, wọ́n ní ó wu àwọn láti gbàdúrà náà lé ẹnìkan lórí ní orúkọ. Ni wọ́n bá dárúkọ Thandeka. Wọ́n ní ọmọ tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ wá bá wa ni, kí OLÚWA bù kún un, kí ó sì pa á mọ́. Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Èmi kò túmọ̀ ìyẹn. Mo ní Pásítọ̀ ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò.

Ṣùgbọ́n ta ni kì í mọ orúkọ ara rẹ̀ ní èdè yòówù? Lẹ́yìn ìsìn, ó wá bá mi, ojú rẹ̀ nílẹ̀, ó ní, "Sísítà, mo gbọ́ orúkọ mi. Kí ni Bàbá sọ nípa mi?"

Ẹ̀yin ará, àyè ìrònúpìwàdà nìyẹn, ó ṣí gbayawu bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Má dà á láàmú. Wọ́n kàn kìlọ̀ díẹ̀ ni."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì lọ.

Láolú ọkọ mi, dókítà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló kọ́kọ́ fura. A ń wakọ̀ lọ sílé, ó ní òun rí i pé Bàbá ti parí, wọ́n ti ń nu ojú, ẹnu mi ṣì ń lọ wuyẹwuyẹ nínú gíláàsì. "Ta ló kù tó ń bá ọ wàásù?" Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ló gùn ju Yorùbá lọ. Ó mi orí. Ó ní òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ dà bí ata. Ẹni tó bá ti mọ́ lára, á máa bù ú sí i ni. Lékan kì í wá jẹun nílé mi ní Sátidé mọ́, mo fi ìyẹn sí orí kẹjọ. Thandeka sọ ọmọ wọn obìnrin, Fikáyọ̀, ní orúkọ Súlù kejì, mo fi ìyẹn sí orí kẹsàn-án. Nígbà tí a dé orí kẹwàá, níbi tí Mósè ti ń bẹ àna rẹ̀, ará Mídíánì, pé kó bá àwọn ká lọ, àwọn yóò ṣe é lóore, mo fo ẹ̀bẹ̀ Mósè pátápátá. Èsì àna náà nìkan ni mo túmọ̀: "Èmi kì yóò lọ, ṣùgbọ́n èmi ó padà sí ilẹ̀ mi, àti sọ́dọ̀ àwọn ará mi." Mo sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, Lékan wá bá mi ní Doornfontein lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. Kò jẹun. Ó ní Thandeka ti gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Durban, oṣù mẹ́ta sí i ni yóò bẹ̀rẹ̀. Òun àti Fikáyọ̀ ló ń lọ. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n jà. Thandeka kàn sọ pé òun ò lè máa gbé níbi tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run ti ń bá òun wí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Àǹtí mi," ó ní, "èmi gbọ́ Yorùbá. Mi ò gbọ́ ohun tó burú kan lẹ́nu Bàbá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń túmọ̀. Ẹ bá mi sọ fún un."

Mo rí ilé àbúrò mi tó ń wó, mo sì rí ọwọ́ ara mi lára ògiri náà. Kí ni mo ṣe? Mo ní, "Jẹ́ ká gbàdúrà." Mo gbàdúrà gígùn. Lékan ń sọ àmín. Bí Pétérù ni mí, àfi pé Pétérù sunkún nígbà tí àkùkọ kọ.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, mo ṣí orí kejìlá kí n lè múra sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú mi bà ni pé Míríámù sọ̀rọ̀ òdì sí Mósè nítorí obìnrin ilẹ̀ Kúṣì tí ó gbé níyàwó. Ẹ̀gbọ́n obìnrin. Àbúrò ọkùnrin. Ìyàwó àjèjì. Mo pa Bíbélì dé bí ẹni tó ṣí ìkòkò tó bá ejò. Mo rò ó pé kí n sọ pé ọ̀fun ń dùn mí. Ìgbéraga ní, ta ló tún lè túmọ̀ bíi tìẹ?

Ni mo bá lọ.

Lọ́jọ́ náà, Thandeka jókòó sí ìlà kẹta, Bíbélì Súlù rẹ̀ lórí itan. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé etí kan péré ló fi ẹ̀rọ sí. Èkejì ṣí sílẹ̀.

Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n kan wà tí kò fẹ́ràn ìyàwó àbúrò rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé èmi ni wọ́n ń wò. Mo sọ sínú maìkì pé obìnrin àjèjì kan wà tí kò gbọ́ràn sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Bàbá ní, "Ọlọ́run bínú. Ẹ̀tẹ̀ bo Míríámù, ó funfun bí yìnyín."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa mí. Mo ní ẹ̀tẹ̀ bo obìnrin àjèjì náà, ó funfun bí yìnyín.

Ọ̀gbẹ́ni Mokoena yí ọrùn padà, ó wo gíláàsì mi bí ẹni tó wo robot, iná ojú títì, tó tan pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Thandeka sì dìde.

Àwọn aṣèrànwọ́ rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e, wọ́n ti ń mú aṣọ ìborí bọ̀. Ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí. Ó fi Yorùbá sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń gba orí òkúta la odò kọjá.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ̀yin sọ pé Míríámù ni. Àǹtí Kúnmi sọ pé ìyàwó ni." Ó gbé Bíbélì rẹ̀ sókè. "Níbí náà, Míríámù ni."

Mo gbọ́ èémí ara mi nínú maìkì.

Bàbá Ọlálérè kò bínú. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n bínú. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ látorí pẹpẹ, wọ́n gba ẹ̀rọ ọwọ́ Thandeka, wọ́n fi í sí etí ara wọn. Wọ́n wo gíláàsì mi.

"Kúnmi, máa túmọ̀ ohun tí mo bá sọ."

Mo ní mo gbọ́ sà.

"Ẹnìkan wà nínú ìjọ yìí tó ń gba ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lẹ́nu mi, tí kì í jẹ́ ẹ bí mo ṣe rán an."

Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lu ọmọ Ọlọ́run, ó sì ń sọ pé èmi ni."

Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Orúkọ ẹni náà ni..." Wọn kò parí rẹ̀. Wọ́n kàn dúró, ẹ̀rọ létí, wọ́n ń retí.

Dáfídì ní Nátánì tó bá a parí gbólóhùn rẹ̀: "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Èmi ni wọ́n fi gbólóhùn tèmi sílẹ̀ fún.

Mo ní, "Èmi ni." Wọ́n ní kí n jáde wá sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn yòókù. Mo jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí karùn-ún. Lékan fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Láolú ń wo bàtà rẹ̀.

Pásítọ̀ ní ọjọ́ méje ni Míríámù fi wà lẹ́yìn ibùdó. Wọ́n ní kí èmi náà fi gíláàsì sílẹ̀ fún Ọjọ́ Ìsinmi méje, kí n jókòó sáàárín ìjọ, kí n sì lọ bá ẹni tí mo ṣẹ̀.

Nínú mọ́tò, Láolú yíjú sí mi. "Gẹ̀ẹ́sì gùn, àbí?"

Mo lọ sí ilé Lékan àti Thandeka ní Bruma ní Ọjọ́rú, lọ́sàn-án. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún mi kì í ṣe Thandeka. Màmá Serifat ni, Mùsùlùmí aránṣọ tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn, obìnrin tí mo máa ń rí lójú àtẹ̀gùn tí n kì í kí dáadáa. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ ọ́.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin ará Randburg. Ìwàásù yín ti dé Bruma."

Òun ló ti ń kọ́ Thandeka ní Yorùbá láti ọ̀sẹ̀ tí Pásítọ̀ ti dárúkọ rẹ̀. "Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí òun fi ṣẹ Pásítọ̀," Màmá Serifat wí, "kí òun lè fi èdè Bàbá bẹ Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú eegun mi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí eékún mi, èmi ọkọ níwájú ìyàwó. Thandeka tó ń bọ̀ láti yàrá rí mi nílẹ̀, kíá ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí orí rẹ̀ má bàa ga ju tèmi lọ. Mo tún tẹríba sí i. Òun náà tún tẹ̀ sí i. Màmá Serifat ní tí a bá fẹ́ wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí a sọ fún òun kí òun bá wa ká a sókè.

A kò rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀.

Thandeka béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní, "Ọjọ́ tí Bàbá dárúkọ mi. Kí ni wọ́n sọ?"

Mo sọ ọ́ fún un lórí ilẹ̀ yẹn, bó ṣe wà: "Kí OLÚWA kí ó bù kún ọ, kí ó sì pa ọ́ mọ́. Kí OLÚWA kí ó mú ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ọ lára, kí ó sì ṣàánú fún ọ." Oṣù kan àti ààbọ̀ ni mo fi jókòó lé ìbùkún ọmọ ọlọ́mọ. Ó sunkún, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní òun ti dárí jì mí, nítorí Jésù pa á láṣẹ. Ó ní ṣùgbọ́n òun kò tíì gbà mí gbọ́, nítorí Jésù kò pa ìyẹn láṣẹ. Ìwàásù méje ni mo bà jẹ́ kó tó kan ti Míríámù. Kí n wá ní Sátidé méje, kí n tẹ́tí sí ohùn Bàbá tí ìjọ gbà sílẹ̀, kí n tún wọn túmọ̀ fún òun. Màmá Serifat yóò jókòó tì wá. Lẹ́yìn ìkeje ni òun yóò mọ̀ bóyá Durban ni tàbí Johannesburg.

Báyìí ni Mùsùlùmí ṣe di alábòójútó ìwàásù Kristẹni. Ṣé kí n tún gbéra ga ni? Wọ́n ti gba àga lábẹ́ ìgbéraga mi.

Sátidé àkọ́kọ́, ohùn Bàbá jáde láti inú fóònù, orí karùn-ún, ẹsẹ ìkeje: "Nígbà náà ni kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn tí wọ́n ṣẹ̀." Bàbá ní ìjẹ́wọ́ nìkan kò tó o, ẹsẹ náà ní kí ẹni náà san án padà fún ẹni tó ṣẹ̀. Ẹnu mi ń túmọ̀, etí mi ń gbọ́. Ó yà mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń túmọ̀ ìwàásù. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo gbọ́. Àwọn yòókù, mo ti ń pín wọn bí oúnjẹ àlejò, ta ni eléyìí tọ́ sí, ta ni tọ̀hún tọ́ sí, n kò bu òkèlè kan sẹ́nu ara mi.

Mo sunkún lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo ka Sáàmù kọkànléláàádọ́ta lórí àga ilé ìdáná: "Dá àyà tuntun sínú mi, Ọlọ́run." N kò bẹ̀ ẹ́ kó tún ti àtijọ́ ṣe. Mo ti rí ohun tó wà nínú ti àtijọ́.

Kò rọrùn o. Nígbà kan, ọ̀rọ̀ Bàbá kan ahọ́n tó ń dá ilé rú, mo fẹ́ fi adùn bò ó kọjá. Màmá Serifat kò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń rán. "Bàbá ò fi ṣúgà sí ìyẹn," ó ní. Mo padà sẹ́yìn, mo sọ ọ́ bó ṣe korò tó.

Nígbà tí a dé orí kẹwàá, mo túmọ̀ ẹ̀bẹ̀ Mósè tí mo ti fò: "Bá wa ká lọ, àwa ó sì ṣe ọ́ ní rere." Thandeka ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ta ni mo ń túmọ̀ fún báyìí, Mósè ni àbí ara mi? Mo ní àwa méjèèjì.

Sátidé keje, a parí. Ó gbé fóònù, ó pe Durban níwájú mi. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní òun kò wá mọ́. Lékan tó ti fara ti ilẹ̀kùn láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ kàn rọra jókòó sílẹ̀ bí àpò tí wọ́n tú afẹ́fẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi méje mi pé, Pásítọ̀ ka ẹsẹ kan fún ìjọ: "Àwọn ènìyàn náà kò sì ṣí títí a fi gba Míríámù padà." Wọ́n ní, ẹ wò ó, gbogbo Ísírẹ́lì dúró de ẹlẹ́ṣẹ̀ kan. Wọ́n ní ta ni yóò mú tiwa wọlé. Thandeka dìde ní ìlà kẹta, ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó sì mú mi rìn dé ẹnu yàrá gíláàsì. Ó ní, "Àǹtí mi, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ o." Ó pa ilẹ̀kùn dé mi, ó padà lọ jókòó, ó sì fi ẹ̀rọ sí etí méjèèjì.

Ó yá, ó kù sí ọ lọ́wọ́. Má dárúkọ Ìyá Báyìí fún mi. Ìwọ tí ìyá rẹ rán sí ìyàwó rẹ, kí ni o yọ kúrò níbẹ̀? Ìwọ tó o ń sọ pé "Pásítọ̀ ní," ṣé Pásítọ̀ ní bẹ́ẹ̀? Ìwé Òwe sọ pé ẹni tó bá bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kì yóò ṣe rere, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́ rẹ̀, tó sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀, yóò rí àánú. Mo rí i. Ó tó fún ọ náà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́: Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, nígbà tí o bá ń wakọ̀ lọ sí ilé ìsìn, tí o bá dé robot tó yà sí àdúgbò ẹni tí o fi ẹnu bà lórúkọ jẹ́, má lọ tààrà. Yà síbẹ̀. Kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí o sì sọ ọ́ bó ṣe wà.